Ìjókòó Ọ̀tún

Kí wọ́n tó dé àṣíborí ni wọ́n ti máa ń bi mí:
"Marisela, ṣé ó tó iye tí a san?"
Mo máa ń ní, ẹ de bẹ́líìtì ná.

Ìjókòó ọ̀tún ni tèmi. Bíréèkì kan wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi
tí oníbàárà kì í kà kún. Ọdún kẹsàn-án rèé
tí mo ti ń jókòó ti ẹni tó ń wa ohun tí kì í ṣe tirẹ̀
ní aṣálẹ̀ Nẹ̀fádà, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí ni lójú
bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìkòkò tó ń hó.

Ẹ̀ẹ̀marùn-ún la ó yí pápá po, irinwó dọ́là.
Ìṣẹ́jú mẹ́jọ. Bí ẹsẹ̀ rẹ bá le, méje:
ẹni tó yára jù ló ń tètè jẹ owó rẹ̀ tán.
Fídíò lọ́tọ̀. Owó ìjàǹbá lọ́tọ̀. Fìlà lọ́tọ̀.
Mo ṣírò rẹ̀ lẹ́yìn rìsíìtì lọ́jọ́ kan:
iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin mi.

Ọkọ̀ àyáwà, bí kò fún ọ lápá, á fún ọ lórúnkún.

Braden wá láti Fínísì, ó yan èyí tó pọ́n bí ata.
Ó gbé fóònù kọ́ iwájú, ara rẹ̀ ló ń wò.
Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ bíréèkì fún un.
Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó ní ayé òun ti yí padà.
Kò mọ̀ pé igun kẹrin wà.

Oníṣègùn eyín kan ní tòun nílé yá jù ú lọ.
Ìyàwó ilé kan bì sínú àṣíborí, ó sì tún san owó.

Ṣùgbọ́n bàbá Urrutia, láti Ẹ́lkò.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi wa bọ́ọ̀sì iléèwé.
Àwọn òbí ọmọ ló dáwó jọ fún wọn nígbà tí wọ́n fẹ̀yìn tì.
Wọ́n lọ ṣẹ́ẹ̀tì wọn dáadáa wá.
Wọ́n yí ọkọ̀ náà po, wọ́n fẹsẹ̀ kan táyà,
wọ́n bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀,
wọ́n ní, "Níbo lọmọ máa jókòó sí?"

Yíyí àkọ́kọ́, ogójì máìlì. Ìkejì, ogójì.
Àwọn ọ̀dọ́ tó wà lẹ́yìn wáyà ń rẹ́rìn-ín.
Mo ní, bàbá, ẹ lè tẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní, "Mo gbọ́."
Wọ́n ń gbójú sókè wo dígí, wọ́n ń wò ó ṣáá,
ẹ́ńjìnnì nìkan ló wà lẹ́yìn, lábẹ́ gíláàsì.
Ní ìkẹta ni ojú wọn kúrò níbẹ̀.
Ní ojú ọ̀nà tó gùn, ọkọ̀ náà bú ramúramù,
ẹgbẹ̀ta ẹṣin, àwọn òkè ń yọ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa,
ẹnu bàbá là sílẹ̀, kò sí ohùn tó jáde.
Mo gbé ẹsẹ̀ mi kúrò lórí bíréèkì.
Mi ò ṣe bẹ́ẹ̀ rí.

Ìkarùn-ún, ogójì máìlì.
Wọ́n dúró pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, wọ́n tan iná ìkìlọ̀,
wọ́n wo òsì, wọ́n wo ọ̀tún.
"Kò sẹ́ni tó sọ̀kalẹ̀," ni wọ́n wí.

Èmi ló wá bèèrè lọ́jọ́ náà: ṣé ó tó bẹ́ẹ̀?
Wọ́n pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n ń gbọ́ bó ṣe ń tutù, kẹ́, kẹ́, kẹ́.
"Owó wọn ni, ọmọ mi. Kí ni kí n sọ fún wọn?"
Mo ní, ẹ sọ pé ó sáré.
Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn,
tàbí iyẹ̀pẹ̀ ni. Atẹ́gùn ń fẹ́.

Lálẹ́, mo gbé ọkọ̀ tèmi, ìlẹ̀kùn rẹ̀ kì í dé,
ó jí lẹ́ẹ̀kẹta tí mo yí kọ́kọ́rọ́.
Ehoro kan sáré kọjá iwájú iná mi.
Mo tẹ bíréèkì,
mo gbójú sókè wo dígí.